Théophile Obenga: Ọ̀mọ̀wé tó fi ọ̀pọ̀ èdè wádìí ìtàn Áfíríkà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Théophile Obenga jẹ́ onímọ̀ ìtàn, onímọ̀ ẹ̀dá èdè àti olùwádìí nípa Íjíbítì àtijọ́. Ọmọ bíbí Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Brazzaville ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé àti Switzerland, ó ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbáyé ní Cairo, ó ti ṣe mínísítà, ó ti darí ilé ìwádìí kan ní Libreville, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Ohun kan ló so gbogbo ìrìn-àjò yìí pọ̀. Obenga gbà pé ẹni tí yóò kọ ìtàn àwọn ènìyàn kan gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wọn, kí ó má baà máa fi ẹnu ẹlòmíràn jẹun. Ìgbàgbọ́ yìí ló gbé e ga, òun náà ló sì fa àríyànjiyàn tó le jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ẹni tí ó jẹ́, ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìwádìí, ohun tí ó ṣe ní Libreville, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá.

Kí ló kan Yorùbá tó wà ní Akébé nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Akébé jẹ́ àdúgbò èrò púpọ̀ ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Àwọn ọmọ Gabon láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà wà lára àwọn oníṣòwò tó ti sọ Libreville di ilé. Ẹni tó bá ti Akébé lọ ná ọjà Mont-Bouët lè gbọ́ èdè Fang, Punu, Nzebi, Haúsá, Yorùbá àti Faransé kí ó tó ra iyọ̀ ọbẹ̀.

Nǹkan bí 40 èdè ìbílẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Gabon. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn wà lábẹ́ ẹ̀ka èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bantu. Ẹ̀ka náà gbòòrò púpọ̀: ó bẹ̀rẹ̀ láti Kamẹrúùn, ó kọjá Gabon àti Kóńgò, ó sì dé Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà. Onímọ̀ èdè ọmọ Jámánì kan, Wilhelm Bleek, ló mú orúkọ náà wọ inú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn èdè wọ̀nyí, «muntu» ni ènìyàn kan, «bantu» sì ni àwọn ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé agbègbè ẹnubodè Nàìjíríà àti Kamẹrúùn ni àwọn tó kọ́kọ́ sọ èdè Bantu ti ṣí, ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan kí a tó bí Jésù. Wọ́n tún gbà pé Bantu àti Yorùbá jọ jẹ́ ọmọ inú agbo ńlá kan tí à ń pè ní Niger-Congo. Èyí fi hàn pé Yorùbá tó ń tajà ní Akébé àti aládùúgbò rẹ̀ tó ń sọ Fang ní ìbátan tó jìnnà nínú èdè, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ara wọn.

Báwo ni a ṣe mọ̀, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà? Èdè fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ bíbi ẹlẹ́rìí yìí léèrè ọ̀rọ̀ ni Obenga fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọdún 1936 ni wọ́n bí Obenga ní Mbaya, ní Kóńgò, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Faransé. Mbochi ni ẹ̀yà rẹ̀. Nígbà tí ó di àgbà ọ̀mọ̀wé, ó padà sí ìdí èdè yìí, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1984 lórí lítíréṣọ̀ àbáláyé àwọn Mbochi. Ìmọ̀ nípa Íjíbítì kò mú kí ó gbàgbé ohùn ilé.

Ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Yunifásítì Bordeaux. Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Collège de France ní Paris, níbi tí ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Émile Benveniste, ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù lọ nínú ìmọ̀ ìfiwéra èdè ní ọ̀rúndún ogún. Ó kọ́ nípa Íjíbítì àtijọ́ lọ́dọ̀ Jean Leclant àti Charles Maystre, ó sì kọ́ èdè Koptik lọ́dọ̀ Rodolphe Kasser ní Geneva. Ó tún kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Montpellier ní Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ètò ẹ̀kọ́ yìí túmọ̀ sí. Faransé ni èdè ilé-ìwé rẹ̀, Mbochi ni èdè ilé, Gẹ̀ẹ́sì sì wúlò fún un ní Amẹ́ríkà. Lórí èyí ni ó tún gbé èdè Íjíbítì àtijọ́ àti Koptik lé. Èdè kọ̀ọ̀kan nínú wọn dà bíi kọ́kọ́rọ́ sí yàrá tí àwọn mìíràn kò lè ṣí.

Kí ló dé tí onímọ̀ ìtàn fi nílò Koptik?

Koptik ni ìpele ìkẹyìn nínú èdè Íjíbítì àtijọ́. Àwọn onígbàgbọ́ Íjíbítì ṣì ń lò ó nínú ìjọsìn wọn títí di òní. Lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà díẹ̀ tí wọ́n mú láti inú ọ̀nà ìkọ̀wé Íjíbítì fúnra rẹ̀.

Ìwúlò rẹ̀ pọ̀ nítorí pé ìkọ̀wé aláwòrán àwọn ará Íjíbítì kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Yorùbá yóò tètè rí ìṣòro tó wà níbẹ̀. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí «igba», a kò ní mọ̀ bóyá iye ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí ó ń lọ, tàbí ìgbá tí a ń jẹ. Bí a bá tún wá yọ fáwẹ̀lì kúrò, «gb» nìkan ni yóò kù lójú ìwé. Irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ka ìwé Íjíbítì ń bá pàdé ní gbogbo ìlà.

Koptik, nítorí pé ó ń kọ fáwẹ̀lì, ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà. Òun ló ran Jean-François Champollion lọ́wọ́ nígbà tí ó tú àdììtú ìkọ̀wé Íjíbítì ní ọdún 1822. Obenga rí i pé ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Íjíbítì wé èdè Áfíríkà mìíràn kò lè ṣe é láìsí Koptik. Ìdí nìyí tí ó fi lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìjọ́ tí wọ́n dúró ní Cairo

Ìwé tó kọ́kọ́ sọ Obenga di ẹni ńlá ni «L'Afrique dans l'Antiquité», tí ilé ìtẹ̀wé Présence Africaine gbé jáde ní Paris ní ọdún 1973. Orí Áfíríkà ní ayé àtijọ́ ni ìwé náà dá lé, ó sì so Íjíbítì àwọn Fáráò mọ́ àwọn ènìyàn dúdú tó kù ní ilẹ̀ náà. Cheikh Anta Diop, ọmọ Senegal tí ó ti ń jà fún èrò yìí láti ọdún 1950 lọ sókè, ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni àwọn méjèèjì jọ lọ sí Cairo. Àjọ UNESCO ló pe àpérò náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní tó sì parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ọdún 1974. Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀: àwọn wo ló tẹ Íjíbítì àtijọ́ dó, báwo sì ni a ṣe lè túmọ̀ èdè Meroe, ìlú ńlá àtijọ́ tó wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sudan lónìí?

Ìbéèrè kejì fi hàn bí iṣẹ́ náà ti le tó. Àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ṣe ń pe lẹ́tà Meroe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, síbẹ̀ wọn kò mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ó dà bíi kí ènìyàn lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i sókè ketekete, kí ó má sì mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Diop àti Obenga kò lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Obenga gbé ìfiwéra èdè Íjíbítì, Koptik àti àwọn èdè Áfíríkà òde òní kalẹ̀. Ìròyìn tí UNESCO gbé jáde lẹ́yìn àpérò náà sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó wá ló múra sílẹ̀ bíi ti àwọn méjèèjì, èyí sì mú kí ìjíròrò náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀yà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọ̀nà ìfiwéra èdè yẹ kí a tẹ̀síwájú nínú rẹ̀.

Fún ọmọ Áfíríkà tí kò tíì pé 40 ọdún, tí ó dúró láàárín àwọn tó ti ń darí ìmọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, àṣeyọrí ńlá ni. Òbí rẹ̀ nínú ìmọ̀, Diop, kú ní ọdún 1986, ẹrù náà sì bọ́ sí èjìká Obenga.

Láti yàrá ìkàwé sí ilé ìjọba

Obenga kò dúró sí ìdí ìwé nìkan. Láti ọdún 1975 títí di 1979, òun ni Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní orílẹ̀-èdè Kóńgò.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò dúró. Ní ọdún 1976 ni ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn tó ń gbé ní àfonífojì odò Kóńgò jáde. Ìwé mìíràn lórí ọ̀làjú àbáláyé Zaire tẹ̀lé e ní 1977.

Àárín àkókò yìí náà ni UNESCO ń kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láti kọ ìtàn gbogbo Áfíríkà ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ. Obenga ló kọ orí kẹrin nínú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí Joseph Ki-Zerbo, ọmọ Burkina Faso, ṣe olóòtú rẹ̀, tó sì jáde ní 1981. Orí náà sọ̀rọ̀ nípa ibi tí onímọ̀ ìtàn Áfíríkà ti lè rí ẹ̀rí: ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìwé àkọsílẹ̀, èdè, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde. Kókó rẹ̀ ni pé kí a má ṣe dá ọ̀kan nínú wọn gbà gbọ́, kí a máa fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

Yorùbá náà kópa nínú iṣẹ́ ńlá yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà, tó dá lórí ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ilé ìwádìí Bantu ní Libreville

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Libreville. Ààrẹ Gabon nígbà náà, Omar Bongo, ló dá àbá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Centre International des Civilisations Bantu, ìyẹn ibùdó àgbáyé fún ọ̀làjú àwọn Bantu, ṣùgbọ́n CICIBA ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Gabon, Kóńgò, Zaire, Angola àti Zambia wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó dá a sílẹ̀.

Obenga di alákòóso àgbà rẹ̀, ó sì wà ní ipò náà títí di ìparí ọdún 1991.

Èrò tó wà nídìí CICIBA rọrùn láti lóye. Àwọn aláṣẹ òyìnbó ti fi ẹnubodè gé àwọn tó ń sọ èdè kan náà sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìwé nípa wọn wà ní Paris, Brussels, Lisbon àti London. Ọmọ ilẹ̀ náà tó fẹ́ mọ ìtàn ara rẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. CICIBA fẹ́ kó ohùn, ìwé, orin àti ohun ìwalẹ̀ jọ sí ojú kan ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 1985, àpérò àgbáyé kan wáyé ní Libreville lórí ìṣíkiri àti ìtànkálẹ̀ àwọn Bantu. Obenga ṣe olóòtú àwọn bébà tí wọ́n kà níbẹ̀, wọ́n sì di ìwé ní 1989. Ọdún 1985 kan náà ni ìwé tirẹ̀ lórí èdè, ènìyàn àti ọ̀làjú Bantu jáde. CICIBA tún ní ìwé àtìgbàdégbà ọ̀mọ̀wé tó ń jẹ́ «Muntu», ó ní èyí tó so àwọn awalẹ̀pìtàn agbègbè náà pọ̀, tó ń jẹ́ «Nsi», ó sì ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà.

Ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo ẹbí jọ kọ́, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò san owó tí wọ́n dá lé wọn. Ilé ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fún àjọ náà ní Libreville kò parí, ó sì di ilé àpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ ìwádìí náà lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọba ti gbìyànjú léraléra láti jí i dìde.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ilé lọ. Ohùn àgbàlagbà tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ nílò ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ooru àti ọ̀rinrin. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sínú ìwé nílò ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀mọ̀wé lè gbọ́ èdè mẹ́wàá, bí kò bá sí ilé tí yóò gba ohun tí ó kó jọ, ikú rẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọdún tó lò ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1992 ni ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ «Ankh» bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Faransé, lábẹ́ ìdarí Obenga. Ìmọ̀ nípa Íjíbítì àti ọ̀làjú Áfíríkà ni ó dá lé. Ọ̀rọ̀ Íjíbítì tó túmọ̀ sí ìyè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé náà fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ọmọ Áfíríkà ní àyè láti kọ nípa ìṣirò, ìmọ̀ ìràwọ̀, ẹ̀sìn àti èdè Íjíbítì.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní San Francisco State University ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí ó ti darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn dúdú. Yunifásítì yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láàárín 1968 àti 1969 kí irú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí kò mọ ìlú baba ńlá rẹ̀ lè kọ́ láti ka ìkọ̀wé Íjíbítì lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti Áfíríkà wá.

Ibi tí àríyànjiyàn wà

Ní ọdún 1993 ni Obenga tẹ ìwé tó ṣe kókó jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, ó sọ pé orísun kan náà ni èdè Íjíbítì àtijọ́, Koptik àti ọ̀pọ̀ èdè àwọn ènìyàn dúdú òde òní ti wá. Ó pín èdè Áfíríkà sí agbo mẹ́ta: èyí tí ó pè ní «négro-égyptien», èdè Berber, àti èdè Khoisan.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá èdè kò gbà. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀lé ni ìpínsísọ̀rí tí Joseph Greenberg, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1963, pẹ̀lú àtúnṣe tí àwọn mìíràn ti ṣe sí i. Nínú ìpínsísọ̀rí yẹn, Íjíbítì àtijọ́ wà nínú agbo Afro-Asia pẹ̀lú Lárúbáwá, Hébérù, Berber àti Haúsá. Yorùbá, Ìgbò, Fọ̀n àti Bantu wà nínú agbo Niger-Congo. Bí a bá tẹ̀lé e, Haúsá sún mọ́ èdè àwọn Fáráò ju Yorùbá lọ.

Obenga kò gbà pé agbo Afro-Asia wà rárá. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Faransé kọ ìwé ní ọdún 2000 láti tako ọ̀nà ìwádìí Diop àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ ní 2001. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ èdè ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìpínsísọ̀rí Greenberg, nígbà tí àwọn olùtẹ̀lé Obenga ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ èdè tó jẹ́ ìbátan?

Láti lóye àríyànjiyàn yìí, ó yẹ kí a mọ òfin eré náà. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra kò tíì tó ẹ̀rí. Ìdí mẹ́ta ló lè mú kí ọ̀rọ̀ jọra.

Àkọ́kọ́ ni kòńgẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, «bad», òmíràn sì wà ní èdè Páṣíà tí ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. «Burúkú» ni ìtumọ̀ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ti tọpa ìtàn wọn, wọ́n sì rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ìkejì ni àyálò. Yorùbá ń pe ẹ̀fọ́ ọlọ́ta kan ní àlùbọ́sà, Haúsá ń pè é ní «albasa», Lárúbáwá sì ń pè é ní «al-basal». Èyí kò sọ Yorùbá di ọmọ Lárúbáwá. Ohun tí ó sọ fún wa ni ọ̀nà tí ọjà gbà dé: láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ dé ọwọ́ Haúsá, láti ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Fún onímọ̀ ìtàn, ẹ̀rí tó níye lórí ni èyí náà jẹ́.

Ìkẹta ni ìbátan tòótọ́. Ẹ wo iye mẹ́ta: Yorùbá ń pè é ní ẹ̀ta, Ìgbò ní «àtọ́», Fọ̀n ní «atɔn», Swahili ní «tatu». Ẹ wo etí, tí Ìgbò ń pè ní «ntị», àti ẹnu, tí wọ́n ń pè ní «ọnụ». Bí irú ìjọra bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yà kì í sábà yá lò, bí ẹ̀yà ara àti iye, tí ìyàtọ̀ ìró sì ń tẹ̀lé ìlànà kan náà láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, nígbà náà ni a lè sọ pé ìyá kan ló bí wọn.

Ìlànà yìí ni Benveniste kọ́ Obenga. Obenga sọ pé òun tẹ̀ lé e. Àwọn alátakò sọ pé àpẹẹrẹ rẹ̀ kò tò lẹ́sẹẹsẹ tó, pé ó máa ń mú ọ̀rọ̀ kan láti èdè yìí àti ọ̀rọ̀ kan láti èdè ọ̀hún láì gba gbogbo agbo náà yẹ̀ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i kò lè fi ìfẹ́ ìlú tàbí ìkórìíra nìkan dá a. Àfi kí ó kọ́ àwọn èdè náà.

Yorùbá àti ìbéèrè Íjíbítì

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjòjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbà pé ìhà Ìlà Oòrùn ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas gbé ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ti Íjíbítì. Saburi Biobaku náà sọ̀rọ̀ nípa orísun Yorùbá nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1955, ó sì darí ojú sí àríwá ìlà oòrùn, ní ìhà odò Náílì.

Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn rí i pé ìfiwéra Lucas kò ní ìlànà ìró tó dúró ṣinṣin, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba ìdáhùn rẹ̀. Níbi yìí ni iṣẹ́ Obenga ti ṣe pàtàkì, ìbáà jẹ́ pé a gbà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí a kò gbà. Ó gbé ìbéèrè náà kúrò lórí «ó jọ ọ́» sí orí «ẹ mú ìlànà wá». Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé Yorùbá ti Íjíbítì wá mọ irú ẹ̀rí tí wọn yóò bi í.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé iyì Yorùbá so mọ́ ìdáhùn náà. Ilé-Ifẹ̀ rọ idẹ, ó sì mọ orí amọ̀ tí ayé ń wò pẹ̀lú ìyanu láì béèrè lọ́wọ́ Fáráò kankan.

Èdè wo ni onímọ̀ ìtàn Yorùbá nílò?

Ọ̀nà Obenga tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe ìwádìí ìtàn wa. Ẹ̀rí nípa Yorùbá kò sí ní èdè kan ṣoṣo.

Ó wà ní Yorùbá fúnra rẹ̀: nínú oríkì, nínú ẹsẹ Ifá, nínú «Ìwé Ìròhìn» tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ó wà ní Lárúbáwá, nínú ìwé àwọn àáfà. Ó wà ní Faransé, nítorí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà lábẹ́ Faransé. Ó wà ní Potogí, nínú ìwé ìjọba Bahia ní Brazil, níbi tí Pierre Verger ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ ti 1968 lórí òwò ẹrú. Ó wà ní Sípáníìṣì ní Cuba. I. A. Akinjogbin, nínú ìwé rẹ̀ ti 1967 lórí Dahomey àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, lo ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pọ̀, ìdí nìyí tí ìwé náà fi rí ohun tí ẹni tó mọ ọ̀kan nìkan kò lè rí.

Èdè aládùúgbò náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ìtàn Ọ̀yọ́ kò pé láìsí ti Nupe, ti Ìbàrìbá àti ti Fọ̀n. Ọ̀pọ̀ olùwádìí mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn kò sì lè kí ará Nikki kú àárọ̀.

Àǹfààní kan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní irú àdúgbò bí Akébé. Wọ́n ń gbọ́ Faransé ní ilé-ìwé, Yorùbá nílé, Fang tàbí Punu lójú pópó. Ohun tí Obenga fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri, ó wà ní etí wọn láìsanwó. Ewu ibẹ̀ ni pé Faransé nìkan ni ilé-ìwé ń bi wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ Libreville sì ń dàgbà lónìí láì gbọ́ èdè ìyá wọn dáadáa. Bí èdè bá kú, ẹlẹ́rìí ìtàn kan ti kú, kò sì sí yunifásítì tó lè pè é padà sí ilé ẹjọ́.

Òbí tó bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá ní Akébé lè máà mọ̀ pé olùwádìí ọjọ́ iwájú ni òun ń tọ́. Ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ náà tó mọ ọ̀nà yunifásítì.